Òótọ́ àbí irọ́? Alẹ́ tí Harvey Haddix lé onígi 36 jáde, tó sì tún pàdánù

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 1959, ènìyàn 19,194 wọ pápá County Stadium ní ìlú Milwaukee, ní Amẹ́ríkà, láti wo bí Milwaukee Braves yóò ṣe kojú Pittsburgh Pirates nínú eré bésíbọ́ọ̀lù. Harvey Haddix, ọlọ́wọ́ òsì kan tí kò ga, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún Pirates. Ohun tó ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà, ajubọ́ọ̀lù kankan kò ṣe irú rẹ̀ rí nínú líìgì ńlá, ẹnikẹ́ni kò sì tíì tún un ṣe títí di òní. Síbẹ̀ òun ló pàdánù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ìtàn eré yìí kiri, oníkálukú sì ń fi tirẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ jẹ́ òótọ́, àwọn mìíràn jẹ́ irọ́ pátápátá. Àkọsílẹ̀ eré náà ló yẹ kí ó ṣe ìdájọ́.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á ran ẹni tí kò mọ eré yìí lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ méjì ló ń ṣe é. Ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kan á ju bọ́ọ̀lù, onígi ẹgbẹ́ kejì á fi igi gbá a, á sì sáré lọ sí béèsì. Béèsì mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá yí wọn ká tó sì padà délé ti mú ayò kan wá fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá lé onígi mẹ́ta jáde, ó di kí ẹgbẹ́ kejì gba igi. Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti gba igi tán, abala kan parí. Abala 9 ni eré kan, ṣùgbọ́n bí ayò bá dọ́gba, wọ́n á máa bá a lọ títí ẹnìkan yóò fi borí. Bí onígi bá gbá bọ́ọ̀lù tó sì fi agbára ara rẹ̀ dé béèsì, tí kì í ṣe àṣìṣe àwọn tó ń ṣọ́ pápá ló gbé e débẹ̀, ìgbá rere ni wọ́n kọ fún un. Bí ajubọ́ọ̀lù bá ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí kò bọ́ sí ibi tó yẹ, onígi á rìn lọ sí béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí eré náà ṣe wà nínú ìwé nìyí:

Pittsburgh Pirates: ayò 0, ìgbá rere 12, àṣìṣe 1.
Milwaukee Braves: ayò 1, ìgbá rere 1, àṣìṣe 0.
Iye abala: 13.

Ẹ tún ìlà méjì àkọ́kọ́ wò dáadáa. Ẹgbẹ́ tó ní ìgbá rere 12 kò rí ayò kankan. Ẹgbẹ́ tó ní ẹyọ kan ló borí. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

1. Wọ́n ní: Haddix lé onígi 36 jáde léraléra, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó dé béèsì.

Òótọ́ ni.

Abala 9 ní onígi 27. Ajubọ́ọ̀lù tó bá lé gbogbo wọn jáde, tí ẹnìkan kò fi ìgbá rere, ìrìn ọ̀fẹ́ tàbí àṣìṣe dé béèsì, ti ṣe eré aláìlábàwọ́n, ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ fún ajubọ́ọ̀lù láti ṣe. Don Larsen ti ẹgbẹ́ New York Yankees ṣe é ní ọdún 1956 nínú ìdíje àṣekágbá, World Series. Ṣùgbọ́n nínú National League tí Haddix wà, ọdún 1880 ni wọ́n ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn, nígbà tí Lee Richmond àti John Montgomery Ward ṣe é láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn.

Haddix kọjá 27 yẹn. Nígbà tí abala 9 parí, ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà kò tíì rí ayò mú wálé, nítorí náà eré ní láti tẹ̀ síwájú. Ó lé onígi mẹ́ta jáde ní abala 10, mẹ́ta ní abala 11, mẹ́ta ní abala 12. Gbogbo rẹ̀ di 36. Nínú ìtàn líìgì ńlá, ẹni tó tún gbìyànjú láti gbé eré aláìlábàwọ́n kọjá abala 9 ni Pedro Martínez ti Montreal Expos ní ọdún 1995. Onígi àkọ́kọ́ ní abala 10, Bip Roberts, gbá a lọ sí béèsì kejì, ó parí síbẹ̀. Abala mẹ́ta gbáko ni Haddix fi ju tirẹ̀ lọ.

2. Wọ́n ní: Ẹgbẹ́ tí kò lágbára ló bá pàdé.

Irọ́ ni, irọ́ tó sì ń bu ọkùnrin náà kù ni.

Milwaukee Braves ló gba ife National League ní ọdún 1957 àti 1958. Ní 1957, wọ́n ṣẹ́gun Yankees nínú World Series. Hank Aaron wà láàárín àwọn onígi wọn. Ní ọdún 1959 yìí gan-an, ìdiwọ̀n ìgbá rere rẹ̀, .355, ló ga jù nínú líìgì náà, iye home run rẹ̀, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí onígi gbá fo odi pápá kọjá, sì di 755 kí ó tó fi eré sílẹ̀. Eddie Mathews wà níbẹ̀, ẹni tó gbá home run 46 lọ́dún náà, tó fi ṣe ìkíní nínú líìgì. Joe Adcock náà wà níbẹ̀, ẹni tó gbá home run mẹ́rin nínú eré kan ṣoṣo ní Brooklyn ní ọdún 1954. Àwọn wọ̀nyí ni Haddix lé jáde lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta àti lẹ́ẹ̀kẹrin.

3. Wọ́n ní: Agbára apá rẹ̀ nìkan ló fi ṣe é.

Irọ́ ni.

Nínú onígi 36 yẹn, 8 péré ni Haddix fi jíjù nìkan lé jáde, tí igi wọn kò ba bọ́ọ̀lù. Àwọn 28 yòókù gbá bọ́ọ̀lù, àwọn tó wà nínú pápá ló sì parí iṣẹ́ náà. Bill Mazeroski ló ń ṣọ́ àyíká béèsì kejì, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ pápá ṣọ́ jù lọ nínú ìtàn eré yìí. Bill Virdon wà ní àárín pápá lẹ́yìn. Don Hoak wà ní béèsì kẹta. Smoky Burgess ló jókòó lẹ́yìn onígi, tó ń fi ìka júwe irú bọ́ọ̀lù tí Haddix yóò jù.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹni tó bá ka 36 sí Haddix lọ́rùn, tó sì gbàgbé 28 tó gba ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò tíì ka àkọsílẹ̀ náà tán. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí ọwọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ kan náà yìí ni nǹkan ti bàjẹ́ ní abala 13.

4. Wọ́n ní: Lew Burdette kò ṣe nǹkan kan, orí ló ràn án lọ́wọ́.

Irọ́ ni. Iṣẹ́ ńlá ni Burdette ṣe, ó sì yẹ kí á fún un ní tirẹ̀.

Burdette ló ju bọ́ọ̀lù fún Braves. Òun ló ṣẹ́gun nínú eré mẹ́ta nínú World Series ọdún 1957. Ní alẹ́ yìí, ó ju abala 13 láìsinmi. Ìgbá rere 12 ni wọ́n gbá fún un, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbé onígi kọjá béèsì kìíní ní ìgbá kan. Kò fún ẹnikẹ́ni ní ìrìn ọ̀fẹ́, kò sì gba ayò kankan. Ẹni tí ìgbá rere kì í dà láàmú ni: ó mọ bí a ṣe ń jẹ́ kí wọ́n dé béèsì láìjẹ́ kí wọ́n délé.

Àwọn Pirates náà ṣe ara wọn. Ní abala kẹta, nígbà tí Haddix fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tó fi dé béèsì kìíní, Román Mejías ọmọ Cuba, tó ti wà ní béèsì kìíní tẹ́lẹ̀, fẹ́ lo àǹfààní náà láti sáré dé béèsì kẹta, wọ́n sì lé e jáde. Onígi tó tẹ̀ lé wọn, Dick Schofield, gbá ìgbá rere mìíràn. Ká ní Mejías dúró ní béèsì kejì ni, ó ṣeé ṣe kí ayò wọlé, kí gbogbo ìtàn yìí sì parí ní abala 9. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Roberto Clemente kò kópa nínú eré lálẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni Dick Groat, ẹni tí wọ́n fi oyè agbáyò tó wúlò jù lọ nínú National League dá lọ́lá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Méjì nínú àwọn onígi tó dára jù fún Pirates jókòó sẹ́yìn ní alẹ́ tí ayò kan ṣoṣo ì bá tó.

5. Wọ́n ní: Àwọn Braves ń jí àmì wò, wọ́n mọ irú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀.

Òótọ́ ni, ọ̀kan nínú wọn ló sì sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, Bob Buhl, ajubọ́ọ̀lù Braves nígbà náà, jẹ́wọ́ pé àwọn kan láàárín wọn jókòó sí ibi tí àwọn ajubọ́ọ̀lù ti ń mú ara gbóná, wọ́n ń fi awò aláwòjìnnà wo ìka Smoky Burgess. Burgess kò lè lóṣòó dáadáa, nítorí náà àmì ọwọ́ rẹ̀ kò pamọ́. Wọ́n á rí i, wọ́n á sì ta onígi lólobó. Buhl ní gbogbo àwọn onígi ló ń gba olobó náà, àfi Hank Aaron.

Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí. Wọ́n mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù yóò yára tàbí yóò tẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ Haddix, síbẹ̀ wọn kò rí i gbá fún abala 12. Irú àṣírí báyìí máa ń dín ògo ẹni kù. Ti Haddix ló fi kún.

6. Wọ́n ní: Home run Joe Adcock ló parí eré náà, 3 sí 0.

Irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ọ̀lù náà fo odi kọjá.

Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ. Félix Mantilla, ọmọ Puerto Rico tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ eré náà ní ìparí, ló kọ́kọ́ gba igi fún Braves ní abala 13. Ó gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ sọ́dọ̀ Don Hoak. Hoak mú un, ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ jù ú sí béèsì kìíní, ó jù ú wálẹ̀ jù. Mantilla dé béèsì. Àṣìṣe ni wọ́n kọ, kì í ṣe ìgbá rere. Eré aláìlábàwọ́n ti bàjẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì gbá Haddix.

Eddie Mathews rọra kan bọ́ọ̀lù kí wọ́n lè lé òun jáde, kí Mantilla sì ráyè dé béèsì kejì. Haddix mọ̀ọ́mọ̀ fún Hank Aaron ní ìrìn ọ̀fẹ́, nítorí kò sí ajubọ́ọ̀lù ọlọgbọ́n tí yóò bá Aaron ṣeré nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà ni Adcock dé. Ó gbá bọ́ọ̀lù, ó sì fo odi ní apá ọ̀tún àárín pápá. Mantilla sáré délé. Eré parí.

Ṣùgbọ́n Aaron kò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti fo odi. Ó rò pé ayò Mantilla ti parí ohun gbogbo. Ó kọjá béèsì kejì, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ń lọ síbi ìjókòó wọn. Adcock, tó ń sáré ayọ̀, kọjá rẹ̀. Òfin bésíbọ́ọ̀lù kò gba kí ẹni tó wà lẹ́yìn kọjá ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lójú ọ̀nà béèsì. Ẹni tó bá kọjá ni yóò jáde. Àwọn tó ń sọ pé Aaron ni wọ́n lé jáde ṣì í sọ. Adcock ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn adájọ́ eré ní 2 sí 0 ni. Ní ọjọ́ kejì, Warren Giles, ààrẹ National League, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ó sì dájọ́ pé ìgbá béèsì méjì ni ti Adcock, kì í ṣe home run, ayò Mantilla nìkan ló sì wọlé. 1 sí 0. Ohun tó wà nínú ìwé títí di òní nìyẹn.

7. Wọ́n ní: Eré náà gba ohun tó lé ní wákàtí márùn-ún.

Irọ́ ni. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 54 ni. Àwọn ajubọ́ọ̀lù méjèèjì kò fi àkókò ṣòfò.

8. Wọ́n ní: Orúkọ Haddix wà lára àwọn tó ṣe eré aláìlábàwọ́n.

Irọ́ ni. Èyí ló ń dun àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ jù.

Fún ọdún 32, ọ̀pọ̀ ìwé ka eré náà mọ́ àwọn eré ńlá bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1991, ìgbìmọ̀ kan tí Fay Vincent, olórí bésíbọ́ọ̀lù nígbà náà, jẹ́ alága fún, jókòó, wọ́n sì ṣàlàyé òfin ọ̀rọ̀ náà: eré tí a óò kà gbọ́dọ̀ tó abala 9 ó kéré tán, ó sì gbọ́dọ̀ parí láìjẹ́ pé alátakò rí ìgbá rere kan. Gbólóhùn pé ó gbọ́dọ̀ parí yẹn ló yọ Haddix, nítorí Adcock gbá a ní abala 13.

Àwọn kan ní òun ni ìgbìmọ̀ náà dojú kọ. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́. Eré 50 ni òfin náà yọ kúrò nínú ìwé. Púpọ̀ nínú wọn ni òjò tàbí òkùnkùn dá dúró kí ó tó pé abala 9. Ernie Shore náà bọ́: ní ọdún 1917, Babe Ruth fún onígi àkọ́kọ́ ní ìrìn ọ̀fẹ́, wọ́n lé Ruth kúrò nínú pápá nítorí ìjà pẹ̀lú adájọ́ eré, Shore sì wọlé rọ́pò rẹ̀. Wọ́n lé onígi tó wà ní béèsì jáde, Shore sì ju bọ́ọ̀lù láìjẹ́ kí ẹlòmíràn dé béèsì.

Èmi kò bá ìgbìmọ̀ náà jà. Òfin tó ṣe kedere sàn ju èyí tí oníkálukú ń túmọ̀ bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ pé Haddix kò lé onígi 36 jáde. Ibi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ni wọ́n pààrọ̀. Ohun tó ṣe wà síbẹ̀.

9. Wọ́n ní: Ìpàdánù yẹn ba àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ lọ́dún náà.

Apá kan jẹ́ òótọ́, apá kan jẹ́ irọ́.

Wọ́n kọ ìpàdánù sí i lọ́rùn, òótọ́ ni. Ó parí ọdún 1959 pẹ̀lú ìṣẹ́gun 12 àti ìpàdánù 12, alẹ́ Milwaukee sì wà nínú àwọn 12 kejì. Ẹni tó bá wo ìlà yẹn nìkan yóò rò pé ajubọ́ọ̀lù lásán ni.

Ṣùgbọ́n òǹkà mìíràn wà, èyí tó ń ka ayò tí ajubọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ jẹ̀bi, tí a pín sórí abala 9. Ayò tó wọlé nípasẹ̀ àṣìṣe àwọn tó ń ṣọ́ pápá kì í sí níbẹ̀. Nítorí pé àṣìṣe Hoak ló gbé Mantilla dé béèsì, ayò kan ṣoṣo yẹn kò kan Haddix. Ó ju abala 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta, ayò tó jẹ̀bi sì jẹ́ òdo. Eré tó pàdánù yìí gan-an ló mú òǹkà rẹ̀ dára sí i, 3.13 ló fi parí ọdún náà. Ìwé kan náà, alẹ́ kan náà, òǹkà méjì: ọ̀kan ń dá a lẹ́bi, ọ̀kan ń dá a láre. Òǹkà ìpàdánù ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Òǹkà kejì ń sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

10. Wọ́n ní: Lẹ́yìn alẹ́ náà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Irọ́ ni.

Ní ọdún 1960, Pirates dé World Series, wọ́n kojú Yankees. Haddix ló ṣẹ́gun nínú eré karùn-ún. Ní eré keje, ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá, òun ni ajubọ́ọ̀lù Pirates nígbà tí Bill Mazeroski gbá home run tó parí ìdíje náà, 10 sí 9. Ìṣẹ́gun ọjọ́ náà, orúkọ Haddix ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mazeroski tí kò rí ayò mú wá fún un ní Milwaukee lọ́dún 1959 ló san án padà fún un ní Pittsburgh. Haddix kú ní ọdún 1994, ó ti borí nínú World Series kí ó tó lọ.

Ìdájọ́

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Nínú ọ̀rọ̀ eré ìdárayá, àkọsílẹ̀ ni òtítọ́ fi ń rìn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ìlà kan tó sì pa ìwé dé yóò ṣi ẹni dá lẹ́bi. Ìlà ìpàdánù ní Haddix kùnà. Ìlà ìgbá rere ní Burdette kò dára. Ìlà odi tí bọ́ọ̀lù fò ní Adcock gbá home run. Nígbà tí a ka gbogbo wọn pọ̀, kò sí ọ̀kan tó dúró nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nítorí náà, ẹ̀yin olólùfẹ́ eré, ìbáà ṣe bésíbọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà ń gbá tàbí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, bí ẹnìkan bá ju òǹkà kan ṣoṣo sí yín láti fi ba ẹni jẹ́ tàbí láti fi gbé ẹni ga, ẹ béèrè ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ní ti Harvey Haddix, ìdájọ́ tèmi nìyí: kò sí ajubọ́ọ̀lù tó ṣe dáadáa jù ú lọ nínú eré kan ṣoṣo, ẹni tó sì pàdánù ni.